Ẹnì Kan Kì Í Dá Àlùfáà Ṣe: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ìjẹ́-Ará láàárín Àwọn Fáda àti Ọmọ Sẹ́mínárì

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń gbọ́ àwọn ìbéèrè yìí. Ọmọ sẹ́mínárì, ìyẹn ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ láti di àlùfáà, a bi mí, Fáda tó ń dá gbé a bi mí, ìyá ìjọ tó rí i pé Fáda òun ti ń rù a pè mí sí kọ̀rọ̀ bi mí. Bí mo ṣe máa ń dá wọn lóhùn lójúkojú ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.

Ṣé lóòótọ́ ni àwọn àlùfáà ń dínkù, àbí ariwo lásán ni?

Lóòótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe níbi gbogbo. Ní òpin ọdún 2023, àlùfáà Kátólíìkì tó wà lágbàáyé jẹ́ 406,996. Wọ́n fi 734 dín sí ti ọdún tó ṣáájú. Ọ̀rọ̀ náà á túbọ̀ yé ni bí a bá wẹ̀yìn wo 1970. Nígbà yẹn, àlùfáà tó bí 420,000, ọmọ ìjọ ò sì ju nǹkan bí mílíọ̀nù 650 lọ. Lónìí, ọmọ ìjọ ti lé ní bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 400. Agbo ti di ìlọ́po méjì, olùṣọ́ àgùntàn ò pọ̀ sí i.

Àwọn tó wà ní sẹ́mínárì àgbà lé ní 120,000 ní 2011. Ní 2023, wọ́n ti wá sílẹ̀ sí 106,495. Àlùfáà ń pọ̀ sí i ní Áfíríkà àti ní Éṣíà, ṣùgbọ́n ti Yúróòpù ń lọ sílẹ̀ lọ́dọọdún. Ní Amẹ́ríkà, àlùfáà lé ní 58,000 ní 1965. Báyìí, wọn ò ju nǹkan bí 35,000 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti fẹ̀yìn tì. Sẹ́mínárì Maynooth ní Ireland, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1795, tó ti gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ sẹ́mínárì rí, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù nínú gbọ̀ngàn rẹ̀.

Ohun tí iye yìí ò lè sọ ni bí ó ṣe ń rí lára ẹnì kan. Òfin Ìjọ (òfin 526) sọ pé páríṣì (ìjọ àdúgbò) kan ṣoṣo ni kí Fáda kan máa bójú tó, àfi bí àlùfáà bá wọ́n ni a tó lè fi páríṣì mélòó kan tó múlé gbe ara wọn lé e lọ́wọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Yúróòpù, "àfi bí" yẹn ti di àṣà. Fáda á ṣe Mísà ní abúlé mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, á bọ́ sínú mọ́tò láìtíì kí àwọn èèyàn tán, á sì padà sí ilé tí ẹnikẹ́ni ò tanná sí.

Kí ni ìjẹ́-ará yìí gan-an? Ṣé kì í ṣe ọ̀rẹ́ lẹ ń pè bẹ́ẹ̀?

Rárá. Ọ̀rẹ́, èèyàn ló ń yàn án. Ọmọ ìyá, a bá a nílé ni.

Ẹ rántí Mísà tí wọ́n fi ń fi èèyàn joyè àlùfáà. Bíṣọ́ọ̀bù á gbé ọwọ́ lé ẹni náà lórí láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo àlùfáà tó wà níbẹ̀ á tò wá, wọ́n á máa gbé ọwọ́ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan: àgbà àti ọ̀dọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n àti ẹni tí kò rí i rí. Ilé Ọlọ́run á pa lọ́lọ́. Gbogbo ọwọ́ tó kàn án lórí ló ń sọ fún un pé ó ti di ọ̀kan nínú wa. Àpérò Vatican Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì lágbàáyé, nínú ìwé tó gbé jáde lórí ìgbé-ayé àti iṣẹ́ àlùfáà ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 1965, sọ pé sákáráméǹtì oyè àlùfáà fúnra rẹ̀ ló sọ àwọn àlùfáà di ará, tí wọ́n sì jẹ́ agbo kan ṣoṣo lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù wọn. A ò fi ìjẹ́-ará kún iṣẹ́ àlùfáà nígbà tí àyè bá yọ. Inú oyè náà ló wà.

Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí mo ti rí Fáda rere tó gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá òun ni òun ò ṣe nílò ẹnikẹ́ni. Èèyàn lè jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, ó lè fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ìyẹn ò burú. Àmọ́ àwọn ọwọ́ tó kàn án lórí lọ́jọ́ náà ò bi í bóyá ó fẹ́ràn èrò.

Ṣé òfin ni kí àwọn Fáda máa gbé pọ̀?

Kì í ṣe túláàsì fún Fáda dáyósíìsì, ìyẹn Fáda tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù agbègbè kan, tí kò sí nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ kankan. Ṣùgbọ́n òfin 280 nínú Òfin Ìjọ ti 1983 gbà wọ́n níyànjú gidigidi, ó sì ní kí wọ́n má jẹ́ kó parẹ́ níbi tó bá ti wà. Òfin 550 ní kí bíṣọ́ọ̀bù rí i pé Fáda páríṣì àti àwọn igbákejì rẹ̀ ń gbé pọ̀ lọ́nà kan tàbí òmíràn nínú ilé Fáda. Òfin 245 sì ní láti sẹ́mínárì ni kí gbígbé pọ̀ ti máa múra ọmọ sílẹ̀ láti jẹ́ ọ̀kan pẹ̀lú àwọn àlùfáà dáyósíìsì rẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ṣé kì í ṣe ti àwọn mọ́ńkì, àwọn tó ya ara wọn sọ́tọ̀ láti jọ máa gbé fún àdúrà, nìyẹn?

Ó ti wà fún àwọn àlùfáà inú ìlú láti ìgbà pípẹ́. Nígbà tí Augustine Mímọ́ di bíṣọ́ọ̀bù Hippo, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Algeria lónìí, ní nǹkan bí ọdún 395, ó sọ ilé bíṣọ́ọ̀bù di ilé tí òun àti àwọn àlùfáà rẹ̀ jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ń jẹun, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í pe ohun ìní kankan ní tirẹ̀. Iṣẹ́ ìjọ ni wọ́n ń ṣe láàárín ìlú, wọn ò sá lọ sí aginjù. Ní ọ̀rúndún kẹjọ, Chrodegang, bíṣọ́ọ̀bù Metz, kọ ìlànà fún àwọn àlùfáà kàtídírà rẹ̀ kí wọ́n lè máa gbàdúrà pọ̀, kí wọ́n sì máa jẹun pọ̀. Ní Róòmù, Philip Neri kó àwọn àlùfáà jọ láìsí ẹ̀jẹ́ kankan, ìfẹ́ nìkan ló so wọ́n pọ̀. Pópù Gregory Kẹtàlá fọwọ́ sí ẹgbẹ́ náà ní 1575. Inú ẹgbẹ́ tó ń tẹ̀lé ìlànà Augustine sì ni Pópù Leo Kẹrìnlá ti wá.

Ìyàtọ̀ wà, ó sì yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un. Fáda dáyósíìsì ò jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé òun ò ní ní ohun ìní. Owó oṣù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù sì lè gbé e lọ síbòmíràn. Ẹ má fi àkókò àwọn mọ́ńkì dè é. Tábìlì kan, àdúrà kan, ilẹ̀kùn tó ṣeé kàn lóru: ẹni tó bá ní mẹ́ta yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Fáda ò tó, páríṣì sì pọ̀. Báwo la ṣe máa wá kó mẹ́ta sínú ilé kan?

Ìbéèrè yìí ló le jù, mi ò sì fẹ́ fi ẹnu lásán dáhùn rẹ̀.

Jésù fúnra rẹ̀ ló wí pé ìkórè pọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ò tó nǹkan. Síbẹ̀, àwọn méjìlá tó ní, méjì méjì ló rán wọn jáde (Máàkù 6:7). Ẹ ṣírò ó. Ó lè dé ibi méjìlá lẹ́ẹ̀kan náà, ó fara mọ́ mẹ́fà. Mi ò rò pé ó ṣìṣirò.

Ohun tí à ń ṣe níbi púpọ̀ ni pé bí àlùfáà bá ṣe ń wọ́n, bẹ́ẹ̀ là ń tú wọn ká sí i, kí ilé Fáda kankan má bàa ṣófo. Ilé ò ṣófo lóòótọ́. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló ń ṣófo. Bó bá sì wó lulẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, páríṣì mẹ́rin ló pàdánù Fáda lọ́jọ́ kan náà. Nítorí pé a ò pọ̀ gan-an ni a kò fi lè fi ẹnì kan ṣòfò.

Ọ̀nà wà nínú òfin. Òfin 517 gbà kí bíṣọ́ọ̀bù fi páríṣì kan tàbí púpọ̀ lé àlùfáà mélòó kan lọ́wọ́ pọ̀, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ alákòóso tó ń jíhìn fún bíṣọ́ọ̀bù. Òfin 533 sì gbà kí Fáda páríṣì máa gbé níbòmíràn bí ìdí bá wà, pàápàá nínú ilé tí àwọn àlùfáà jọ ń gbé, bí iṣẹ́ rẹ̀ ò bá ti ní jìyà. Dípò kí Fáda mẹ́ta máa dá sùn nínú ilé mẹ́ta, wọ́n lè jọ gbé ilé kan, kí kálukú máa jáde láàárọ̀ sí ibi tirẹ̀, kí wọ́n sì pàdé nídìí oúnjẹ alẹ́. Ní France, Àwùjọ Saint-Martin, tí Fáda Jean-François Guérin dá sílẹ̀ ní 1976, kì í rán Fáda kan ṣoṣo lọ sí páríṣì. Ó kéré tán, mẹ́ta ni. Iṣẹ́ dáyósíìsì ni wọ́n ń ṣe lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù tó bá pè wọ́n. Nínú orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ sẹ́mínárì ti ń ṣófo, ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Évron wà lára àwọn tó kún jù.

Ó ní ohun tó ń dùn ni nínú rẹ̀ o. Páríṣì tí Fáda ò gbé mọ́ ń ṣọ̀fọ̀. Àwọn àgbàlagbà ìjọ ibẹ̀ mọ ìgbà tí iná máa ń tàn ní fèrèsé ilé Fáda, tí wọ́n lè kan ilẹ̀kùn nígbà tí ẹnì kan bá ń kú lọ. Kí a má fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìbànújẹ́ wọn mọ́lẹ̀. Kí bíṣọ́ọ̀bù wá fúnra rẹ̀, kó jókòó, kó gbọ́ wọn. Kí ó sọ ìdí rẹ̀ fún wọn láìfi nǹkan kan pa mọ́, kí nọ́ńbà fóònù tí wọ́n lè pè lóru sì wà lójú ilẹ̀kùn. Níbi tí ọ̀nà bá sì jìn débi pé gbígbé pọ̀ ò ṣeé ṣe, kí ọjọ́ kan wà láàárín ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa pàdé, tí bíṣọ́ọ̀bù náà ò ní fi ìpàdé mìíràn sí.

Kí ni wọ́n máa ń ṣe bí wọ́n bá pàdé?

Mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ ohun tí kì í ṣe. Ìpàdé tí wọ́n ti ń ka àkọsílẹ̀, tí wọ́n ń pín iṣẹ́, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ owó, ìpàdé dáadáa ni, ṣùgbọ́n ìjẹ́-ará kọ́ nìyẹn. Mo mọ àwọn Fáda tó ti jọ ṣe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún láìmọ̀ pé ìyá ẹnì kejì wọn ń ṣàìsàn.

Ìlànà ẹgbẹ́ Jesus Caritas wù mí púpọ̀. Àwọn àlùfáà díẹ̀ ló máa ń wà nínú agbo kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì máa ń lo ọjọ́ kan pọ̀ lóṣù. Wọ́n á jọ ka Ìhìn Rere, wọ́n á jókòó níwájú Sákáráméǹtì Mímọ́, wọ́n á jẹun, wọ́n á sì yẹ ìgbé-ayé wò. Nínú àyẹ̀wò yẹn, ẹnì kan á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i láti ìgbà tí wọ́n ti pàdé kẹ́yìn àti ibi tó rò pé Ọlọ́run wà nínú rẹ̀, àwọn yòókù á sì fetí sílẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ń dá a lẹ́jọ́. Ipasẹ̀ Charles de Foucauld, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n ń tọ̀, ẹni tí wọ́n kéde ní ẹni mímọ́ ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún 2022. Ó máa ń ṣe mí ní kàyéfì pé ọkùnrin yìí kọ ìlànà fún àwọn ará tó ń retí, síbẹ̀ kò sí ọ̀kan tó dúró tì í títí wọ́n fi pa á ní Sàhárà ní 1916. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni àwọn ará náà tó dé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí oúnjẹ. Lójú tèmi, àwọn tí wọn ò tíì jọ rẹ́rìn-ín nídìí oúnjẹ ò ní lè jọ sunkún.

"Fáda, mẹ́rin péré ni wá ní ọdún tiwa ní sẹ́mínárì. Ṣé ìyẹn náà ń jẹ́ àwùjọ?"

Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, ó sì lè jẹ́ àwùjọ tó le jù láti gbé nínú rẹ̀. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọmọ, èèyàn lè sá fún ẹni tí kò fẹ́ràn láti ọjọ́ tó wọlé títí di ọjọ́ oyè. Nínú ilé ẹni mẹ́rin, ẹni tó ń bí ọ nínú ló máa bá ọ fọ abọ́ lálẹ́ yìí. Má sá fún un. Ìlànà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àlùfáà tí Vatican gbé jáde ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 2016 ní àárín àwùjọ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà gbọ́dọ̀ ti wáyé. Ó tún ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ kọ́kọ́ lo ìgbà ìmúrasílẹ̀ tí kò ní dín ní ọdún kan, tí kò sì ní ju ọdún méjì lọ, kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ gan-an. Ìdí pàtàkì kan ni pé kó kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń bá èèyàn gbé.

Ewu méjì ni kí o ṣọ́ra fún. Ìkínní, bí ọmọ bá wọ́n nílé, wọ́n lè kẹ́ ọ ní àkẹ́bàjẹ́. Àwọn ọmọ ìjọ á máa pè ọ́ ní ìrètí wa, olùkọ́ á máa bẹ̀rù láti bá ọ wí kí o má bàa lọ. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá ọ wí. Ìyà àìtó àlùfáà kò tó ìyà kí a fi ẹni tí kò yẹ joyè. Ìkejì, ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè dijú sí ara yín bí ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀. Ẹ wá àwọn àlùfáà àgbà lọ, ẹ wá àwọn ìdílé lọ. Bí iye yín bá sì kéré jù, òfin 237 gba àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí ara wọn láàyè láti jọ ní sẹ́mínárì kan.

"Bí mo bá sọ àìlera mi fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, ṣé kò ní dé etí Rẹ́kítọ̀ tó jẹ́ ọ̀gá sẹ́mínárì?"

Ẹ̀rù yìí ló ń pa òótọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ sẹ́mínárì. Mọ ẹni tí ò ń sọ nǹkan fún. Òfin 240 sọ pé nígbà tí wọ́n bá ń ronú bóyá kí wọ́n fi ọmọ joyè tàbí kí wọ́n lé e, wọn ò gbọ́dọ̀ bi olùdarí ẹ̀mí rẹ̀ tàbí ẹni tó ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ rẹ̀ ní èrò wọn láé. Ibẹ̀ ni kí o tú gbogbo ẹrù sí. Fún ẹlẹgbẹ́ rẹ, sọ èyí tí ọ̀rẹ́ yín lè gbé. Má sì purọ́ fún Rẹ́kítọ̀ náà. Ẹni tó bá fi ọdún méje purọ́ kí wọ́n lè fi í joyè, irọ́ yẹn ló máa bá gbé nílé Fáda.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí pẹ̀lú gbogbo agbára mi: ìjẹ́-ará kì í ṣe bo-mí-kí-n-bò-ọ́. Àwọn àlùfáà ti fi orúkọ ọmọ ìyá bo àwọn tó fi ọwọ́ kan ọmọdé lọ́nà àìtọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni, ọ̀pọ̀ ẹbí ló sì ṣì ń jẹ̀rora rẹ̀. Òfin tí Pópù Francis ṣe ní 2019, tó sì sọ di òfin títí láé ní 2023, pọn ọ́n ní dandan fún àlùfáà tó bá mọ̀ nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tàbí tó ní ìdí tó dájú láti fura, láti fi tó aláṣẹ Ìjọ létí kíákíá. Ohun tí àlùfáà bá gbọ́ nínú ìjẹ́wọ́, tí kò ṣeé tú láé, tàbí nínú ìdarí ẹ̀mí nìkan ni òfin náà yọ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn arákùnrin rẹ̀ á dá a dúró kó tó tún pa ẹlòmíràn lára.

Àwọn àgbà Fáda àti àwọn ọ̀dọ́ kì í gbọ́ ara wọn yé. Kí la lè ṣe sí i?

Òótọ́ ni. Ohun tí àgbà jà fún nígbà èwe rẹ̀ ni ọ̀dọ́ máa ń wò bí ohun àtijọ́, ohun tí àgbà sì pa tì ni ọ̀dọ́ ń lọ gbé jáde. Wọ́n lè tìtorí aṣọ Mísà àti orin bínú fún oṣù kan. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Mo ti rí i pé bí àgbà bá ń sọ ìtàn ọdún tó le jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀dọ́ á dákẹ́, á gbọ́. Kí ọ̀dọ́ náà bi í.

Àwọn tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè ńkọ́? Ní 1957, Pópù Pius Kejìlá kọ ìwé sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n yá Áfíríkà ní àlùfáà. Lónìí, àwọn ọmọ Áfíríkà àti Éṣíà ló ń lọ sin ìjọ Yúróòpù. Èdè tuntun, òtútù, ìdílé tó jìnnà, àti ilé ńlá tó ṣófo ni wọ́n ń bá. Kí wọ́n má rán irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ dá gbé ní ọdún rẹ̀ àkọ́kọ́. Kí ẹnì kan máa bá a jẹun.

Ṣé ó ń ranni lọ́wọ́ lórí àìgbéyàwó?

Ó ń ranni lọ́wọ́ púpọ̀. Pópù Francis sọ ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì 2022, nígbà tó ń bá àwọn tó pé jọ sí Vatican sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ àlùfáà, pé níbi tí ìjẹ́-ará àlùfáà bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí ọ̀rẹ́ tòótọ́ sì wà, ọkàn máa ń balẹ̀ sí i láti gbé láìgbéyàwó. Ìyàwó ni Fáda yááfì, kò yááfì ìfẹ́.

Kí ni àwa ọmọ ìjọ lè ṣe?

Ẹ jẹ́ kí Fáda yín lọ síbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà láìbínú. Ẹ má máa yin Fáda kan láti fi bú èkejì. Ẹ gba iṣẹ́ ọ́fíìsì àti àtúnṣe ilé lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ bá sì ń gbàdúrà fún àlùfáà tuntun, ẹ dárúkọ èyí tí ẹ ti ní.

Ṣé ìjẹ́-ará máa mú kí àwọn ọ̀dọ́ tún máa wá?

Mi ò ṣèlérí bẹ́ẹ̀, ẹ má sì fi ṣe ìjẹ lẹ́nu ìwọ̀. Ọlọ́run ló ń pe èèyàn. Ohun tí mo mọ̀ ni ti ara mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí wọ́n rán mi ní ìwé lọ sí ilé Fáda. Mo bá àwọn Fáda mẹ́ta nínú ilé ìdáná, wọ́n ká apá aṣọ sókè, wọ́n ń fọ abọ́, wọ́n sì ń fi orin tí ọ̀kan nínú wọn kọ ṣì dápàárá. Mo ti rí wọn lórí pẹpẹ lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì wù mí rí. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ wù mí.

"Mo ń dá gbé, ó sì ti rẹ̀ mí. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?"

Ẹ pe Fáda kan lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má wá ẹni tó dára jù, ẹni tó sún mọ́ yín jù ni kí ẹ pè.

Ní ọdún kejì tí mo dá wà, ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ẹnikẹ́ni ò mọ̀, nítorí kò sí Mísà láàárín ọ̀sẹ̀ níbi tí mo wà. Fáda kan tó wà ní páríṣì kejì, tí èmi àti òun ò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́, pè mí nítorí ìwé ìtẹ̀bọmi ẹnì kan. Ó gbọ́ ohùn mi. Ó béèrè ìgbà tí mo jẹun kẹ́yìn, mi ò sì lè rántí. Láàárín wákàtí kan, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ tí ó fi aṣọ ìnura wé. Láti ọjọ́ náà, alẹ́ ọjọ́ Ajé jẹ́ tiwa. Ó ti di ọdún mọ́kànlá báyìí, a sì ti di márùn-ún nídìí tábìlì náà.